Ohun Tó Ń Pa Aago Àtijọ́ ní Òkè-Ògùn

Aago Seiko 5 tí bàbá kan rà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ tó ti dákẹ́, kì í sábà jẹ́ òkú. Ẹ gbé e sétí kí ẹ mì ín. Ẹ ó gbọ́ irin wúwo kan tó ń yí wìrìwìrì nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá sáré fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣẹ́ níbẹ̀. Òróró inú rẹ̀ ló gbẹ. Irú aago bẹ́ẹ̀ ṣì wà nílé àwọn àgbàlagbà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìgbòho àti Kìṣí. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa wọ́n. Eruku ni, omi ni, àti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sọ wọ́n di tuntun.

Bí a bá dárúkọ aago olówó ńlá, Rolex ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ òwò náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905. Ní 1908 ló fi orúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Nígbà tó di 1926, ó gbé Oyster jáde, aago tí wọ́n dé ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí tí a fi ń yí i pinpin kí omi má bàa wọlé. Day-Date, èyí tó ń kọ orúkọ ọjọ́ ní kíkún sókè ojú rẹ̀, dé ní 1956, wúrà tàbí pilatínọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aago jọ ní Òkè-Ògùn lónìí, n ò ní gbà á nímọ̀ràn kó fi Rolex bẹ̀rẹ̀. Ayédèrú ló pọ̀ lọ́jà, ojúlówó Day-Date sì wà ní iye tí ènìyàn lè fi kọ́lé. Seiko 5 ni kí ó wá.

Ọdún 1963 ni Seiko, ilé-iṣẹ́ Japan, gbé e jáde. 5 tó wà lára orúkọ náà dúró fún ohun márùn-ún tí wọ́n ṣèlérí: pé mímì ọwọ́ ni yóò máa fún un lókun, pé ọjọ́ àti déètì yóò wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo, pé omi kò ní tètè wọ̀ ọ́, pé orí tí a fi ń yí i yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 4 dípò 3, kò sì ní yọ jáde gún ọrùn ọwọ́, àti pé ara rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ yóò tọ́jọ́. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu ní Àgọ́-Àrẹ, tí kò rí ibi ra bátìrì nítòsí, kí ló tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn kan wà nínú wọn tí orúkọ ọjọ́ inú fèrèsé wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá, èyí tí Seiko ṣe fún ọjà àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ ààfáà àgbà kan ní Ìsẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ọdún tó lọ sí Mẹ́kà. Ìdáhùn rẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí aago náà fún yín ju ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Seiko kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irú aago onísípíríǹgì yìí, tí kì í lo bátìrì, rẹ́. Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá 1969, wọ́n gbé Astron jáde ní Tokyo, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tó lo bátìrì àti òkúta kuọ́ọ̀tì tí wọ́n tà fáráyé. Kuọ́ọ̀tì inú aago bátìrì òde òní ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí aago onísípíríǹgì tó lè bá a dọ́gba. Bí owó rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Switzerland: àwọn bí 90,000 tó wà lẹ́nu iṣẹ́ aago níbẹ̀ ní 1970 kò tó ìdajì mọ́ láàárín ọdún 1980 sí 1989. Lọ́dọ̀ tiwa, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986, aago Switzerland tuntun sì jìnnà sí owó oṣù tíṣà. Ẹni tó bá ní ti tẹ́lẹ̀ ń wọ èyí tó ní. Nígbà tí ìyẹn bá dákẹ́, ó di inú àpótí.

Inú aago náà kò ṣòro láti lóye bí ẹ bá tọ ipa agbára rẹ̀. Irin wúwo tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ń yí bí apá bá ti ń mì. Bó yí sọ́tùn-ún, bó yí sósì, nínú ọ̀pọ̀ Seiko 5 ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Magic Lever, tí Seiko gbé jáde ní 1959, á sọ yíyí méjèèjì di ọ̀kan, á máa wé sípíríǹgì ńlá kan mọ́ra nínú agolo pẹrẹsẹ. Sípíríǹgì yìí fẹ́ tú. Bí a bá jẹ́ kó tú bó ṣe fẹ́, agbára tó yẹ kó gbé aago fún nǹkan bí ogójì wákàtí á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ gbogbo ohun yòókù tó wà nínú aago ni láti máa dá a dúró kí ó lè máa tú díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín ló gba agbára náà lára agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, títí dé kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn, níbi tí irin alápá méjì kan ti ń dè é. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí á tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tẹ̀, omù kan wálẹ̀, èkejì gòkè. Ẹsẹ̀ kejì tẹ̀, wọ́n pààrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ sì ń kọjá láàárín wọn. Nínú aago, apá kan di eyín kẹ̀kẹ́ mú, èkejì tú u sílẹ̀, eyín kan ṣoṣo kọjá. Ìró tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń sọ fún apá méjèèjì ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan tó ń yí síwá yí sẹ́yìn, tí sípíríǹgì tín-ín-rín kan ń fà padà. Nínú ọ̀pọ̀ Seiko 5, ìlù yìí jẹ́ 21,600 ní wákàtí kan, mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọjọ́ kan, ó di 518,400. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún ọdún márùn-ún láì jẹ́ kó dúró, ó ti lé ní mílíọ̀nù 940.

Ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń yí lé lórí tín-ín-rín gan-an ní ìdí, bẹ́ẹ̀ ni irin tó bá ń yí nínú irin ń jẹ ara wọn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ìdí ọ̀pá sínú òkúta pupa, rúbì, tí ẹ fi ń rí «17 Jewels» tàbí «21 Jewels» lójú aago. Òkúta náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì lówó lórí. Auguste Verneuil, ọmọ Faransé, ló kéde ní 1902 bí a ṣe lè fi iná ṣe rúbì, láti ìgbà náà ló ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe jáde rẹpẹtẹ. Ẹni tó ń fọ́ aago bàbá rẹ̀ torí kí ó lè ta òkúta inú rẹ̀ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ẹ̀kán òróró tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, èyí tó wà láàárín irin àti òkúta. Òun ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí a wọ aago, bí a kò wọ̀ ọ́, bí ọdún ti ń gorí ọdún ni òróró ń gbẹ tàbí kó dì.

Òróró gbígbẹ nìkan ì bá máà burú tó bẹ́ẹ̀. Aago á kàn dúró, á máa retí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Eruku ló ń sọ ọ́ di ìparun. Láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń dé sí wa, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku kúnná wá láti ìhà Sàhárà, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad. Ẹ wá fi ilẹ̀ pupa tí ọ̀kadà ń rú sókè lójú ọ̀nà oko kún un. Nígbà tí eruku yìí bá bá òróró inú aago pàdé, ohun tí wọ́n di kì í jẹ́ kí nǹkan yọ̀ mọ́, ńṣe ló ń lọ irin. Ìdí ọ̀pá á máa jẹ, títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dagun nínú ihò rẹ̀. Èyí ni mo fi máa ń sọ pé aago tó dúró sàn ju aago tó ń lọ nínú ìdọ̀tí: èyí tó dúró kò ba ara rẹ̀ jẹ́.

Òrí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Igi ẹ̀mí pọ̀ ní ọ̀dàn wa, kò sì sí ẹni tí kì í fi òrí para lásìkò ọyẹ́. Òrí á wọ àárín ìsopọ̀ ṣéènì, á gba eruku mọ́ra, á di ẹrẹ̀ dúdú. Nígbàkigbà tí apá bá mì, ẹrẹ̀ náà á máa ha irin, títí ṣéènì á fi na, tí yóò sì máa yí ká ọwọ́. Ẹ bọ́ ṣéènì kúrò lára aago lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ṣéènì nìkan ni mo wí.

Ní ti omi, rọ́bà roboto kan wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn, òmíràn wà ní ìdí orí tí a fi ń yí i. Rọ́bà kì í pẹ́ tó irin. Á gan, á sán, ihò á ṣí. Ọ̀rọ̀ «Water Resist» tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago 1984, òótọ́ 1984 ni. Ẹni tó bá ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́ láì bọ́ irú aago bẹ́ẹ̀, ìgbà 1,825 ni omi ń kàn án lọ́dún, a kò tíì ka ìwẹ̀ mọ́ ọn. Tèmi ni pé èyí ń pa aago ju eruku lọ níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, torí pé irin tó ti dípẹtà kò ṣeé fọ̀ padà. Bí ẹ bá rí ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì sọ pé yóò lọ tó bá yá. Ẹ gbé e tọ oníṣẹ́ aago lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Aago tó ń lọ́ra tàbí tó ń dúró ń sọ ti òróró àti ìdọ̀tí. Ìdajì ìṣẹ́jú kan lóòjọ́, síwájú tàbí sẹ́yìn, kì í ṣe àìsàn fún Seiko 5 àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún sáré lóòjọ́, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: sípíríǹgì tín-ín-rín nì ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ níbì kan. Èyí tó kúrú ń yára fa kẹ̀kẹ́ padà ju èyí tó gùn lọ, aago á sì máa sáré. Ohun méjì ló sábà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni òòfà. Ìdí sípíkà, pọ́ọ̀sì tí ìdè rẹ̀ jẹ́ òòfà, ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin, gbogbo wọn lè fi òòfà sí i lára. Ní Ṣakí, tí iṣẹ́ irin ti gbilẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá, ó yẹ kí alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà fi aago sílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí òòfà àti torí òòlù tó ń mi apá jìgìjìgì. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì orí fóònù yín, kí ẹ gbé aago sún mọ́ ọn: bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń jó kiri, ẹ fura. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yọ òòfà kúrò kò wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gba ìṣẹ́jú kan.

Èkejì ni òróró tí wọ́n dà sí ibi tí kò yẹ, èyí sì gbé wa dé orí ìtúnṣe. Ọ̀nà kan wà tó yá, tó sì wọ́pọ̀: kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn aago, kí wọ́n ri gbogbo inú rẹ̀ bọ bẹntiróòlù lódidi, kí wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá kán òróró máṣíìnì aránṣọ sí i. Aago á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, inú oníaago á dùn, á sanwó. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ti kó ìdọ̀tí láti ibi gbangba lọ sínú ihò òkúta, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òróró máṣíìnì ṣàn ju bó ti yẹ lọ. Kò dúró sí ìdí ọ̀pá, ó tàn káàkiri dé orí sípíríǹgì tín-ín-rín. Láàárín oṣù díẹ̀, aago náà á tún dúró, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ tó péye gba sùúrù. Oníṣẹ́ aago á yọ ọwọ́ aago àti ojú rẹ̀, á tọ́jú wọn sọ́tọ̀ kí ìka má kàn wọ́n. Á tú agbára sípíríǹgì ńlá sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kankan. Á wá yọ ohun gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, á fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi igi tó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó ro inú ihò òkúta kọ̀ọ̀kan títí igi náà yóò fi jáde láì dúdú. Nígbà tó bá ń tò wọ́n padà, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́ tó ń yára, èyí tó ki tàbí gíríìsì ló ń lọ sí ibi tó ń yí pẹ̀lẹ́ tó sì ń gbé agbára. Sípíríǹgì tín-ín-rín kò gbọdọ̀ rí òróró rárá. Lẹ́yìn èyí, á fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìlù aago wò bó ṣe ń lọ. Ohun èlò orí fóònù wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí. Á pààrọ̀ rọ́bà, á dé e. Kí ẹ tó gbé aago sílẹ̀ fún un, ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u ká pátápátá, mo lè fún yín lọ́sẹ̀ méjì.» Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ ti rí i pé inú ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Ìta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó sí, ìta gan-an ló sì yẹ kí a fi sílẹ̀. Ẹni tó ń kó aago jọ ń wá ojú tí ilé-iṣẹ́ kùn fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ ti ṣá, bó tilẹ̀ ní àbàwọ́n. Bí wọ́n bá ti tún un kùn, iye rẹ̀ já. Àwọn kan wà ní Mumbai, ní Íńdíà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún ojú Seiko 5 àtijọ́ kùn ní àwọ̀ tí Seiko kò ṣe rí, tí wọ́n ń tà á káàkiri ayé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 6. Lára ọ̀pọ̀ ojúlówó, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké wà níbẹ̀ tó mọ́ kedere. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ «Seiko» gan-an bá ní etí wúruwùru, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín. Bákan náà ni dídán ara aago: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dán an, irin díẹ̀ á lọ, igun tí ilé-iṣẹ́ fi ọgbọ́n gé á di roboto. Gíláàsì nìkan ni mo gbà kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ oníke, ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ lè mú àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tó ha sí i lára kúrò. Bó bá jẹ́ gíláàsì gidi, ọṣẹ ìfọyín kò ran án, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo nípa ìlera: aago tó ṣáájú nǹkan bí 1970, tí ọwọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn, lè ní radium. Iná rẹ̀ lè ti kú, ṣùgbọ́n radium gba nǹkan bí ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Wíwọ̀ ọ́ kọ́ ni ewu ńlá rẹ̀. Ewu ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ máa ha ọ̀dà náà, kí ẹ sì fa eruku rẹ̀ símú. Ẹ jẹ́ kí ojú náà wà bó ṣe wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra Seiko, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́, bíi 7009 tàbí 7S26, ni orúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ni orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà gígùn tó kù ni ti ọjọ́ ìbí: àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà ìkẹyìn ọdún, èkejì ni oṣù, tí O, N àti D sì dúró fún Oṣù Kẹwàá, Kọkànlá àti Kejìlá. 7S26 bẹ̀rẹ̀ ní 1996, nítorí náà 83 níbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ Oṣù Kẹta 1998, ó sì lè jẹ́ 2008. Ẹ wá bẹ olùtajà kó ṣí i. Bí ẹ̀yìn bá sọ 7009, tí ẹ̀rọ inú sọ 7S26, aago méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan. Kò burú láti wọ̀, owó rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tó ti odidi.

Nígbà tí ẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, ẹ má yí déètì rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin òwúrọ̀. Ní àkókò yẹn, eyín tó ń gbé déètì ti kọ́ lu ara wọn, fífi ipá yí i lè dá eyín kan. Ẹ gbé ọwọ́ aago dé mẹ́fà ná, kí ẹ tó yí déètì. Ẹ fi í fún oníṣẹ́ ní bí ọdún márùn-ún sí ara wọn; Rolex fúnra rẹ̀ ń sọ bí ọdún mẹ́wàá fún tirẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà Rolex tuntun kò rí ohun tí ti Seiko 1984 ti rí.

Ohun tó ṣòro jù báyìí ni ẹ̀yà. Seiko ti dẹ́kun ṣíṣe 7009 tipẹ́, òkú aago tó wà nínú agolo àwọn oníṣẹ́ aago sì ni sítọ́ọ̀ tó kù. Bí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́ tí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti dípẹtà kọjá àtúnṣe, ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn. Irin wúwo inú rẹ̀, agolo sípíríǹgì rẹ̀, tàbí kẹ̀kẹ́ déètì rẹ̀ lè ṣì péye, ẹnìkan ní ọjà Ìsẹ́yìn sì lè ti máa wá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn láti ọdún tó kọjá.